Àwọn Apẹ́dé

Ní Nilsiä, nígbà tí oṣù kìn-ín-ní ń lọ sópin,
yìnyín ga dé ìbàdí ọkùnrin.
Oòrùn rọra yọjú bí ajigbèsè,
kò sì ní í pẹ́ wọlé.

Mo fa àga Oiva súnmọ́ fèrèsé.
Ọdún méjìlélógún ló fi jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ ẹyẹ kíkà,
èmi a máa po kọfí, èmi a máa ṣàròyé:
"Ṣé ẹyẹ ló máa bá wa san owó iná?"
Á na ìka kan sókè. Ó ń kà lọ́wọ́.

Oṣù kọkànlá la sin ín.
Ilẹ̀ ti le, ẹ̀rọ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ.

Ìwé rẹ̀ rèé. Òfin wà lójú ewé kìn-ín-ní,
ó fi yíǹkì pupa fàlà sí i nídìí:
wákàtí kan péré;
iye tí o bá rí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni kí o kọ,
má ka ẹyẹ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹ́ta
nítorí ó ń lọ, ó ń bọ̀,
bí ọmọ tó ń jí ẹran nínú ìṣasùn.

Eetu, ọmọ aládùúgbò, ló bá mi jókòó,
ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bàtà rẹ̀ ń da omi sílẹ̀ mi.
Ojú tirẹ̀ ríran. Kó máa pè, kí n máa kọ.

Aago mẹ́wàá.
Oníkùn-iyeyè ló kọ́kọ́ dé,
ó so táì dúdú mọ́rùn bí akọ̀wé báńkì.
"Méje! Rárá, mẹ́jọ, ọ̀kan wà lábẹ́ àtẹ!"
Onífìlà aró mẹ́ta dorí kodò lára ọ̀rá tí mo so rọ̀.
Àkókó kan ń kanlẹ̀kùn igi,
ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn.
Kannakánná méjì wà lórí òrùlé ilé ìwẹ̀,
wọn ò sọ̀ kalẹ̀. A kọ wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ológoṣẹ́ ńkọ́?
Ọdún kẹta nínú ìwé: mọ́kànlélógójì.
Ọdún kẹwàá: mẹ́rìndínlógún.
Èṣí: méjì.
A wo igbó ṣúúrú, a wo etí òrùlé,
a wo ibi tí wọ́n ń da ìgbẹ́ ẹṣin sí
nígbà tí ará ibí ṣì ń sin ẹṣin.
"Kí la máa kọ, ìyá àgbà?"
Òfo.
"Ṣé èèyàn ń ka ohun tí kò wá ni?"
Mo yí ara padà nínú àga náà, ó dún.
N ò dá a lóhùn. Mo kọ òfo, mo tẹ yíǹkì mọ́ ọn.

Aago mọ́kànlá lù, mo pa ìwé dé.
Ìgbà náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé!
Aláyà-pupa mẹ́fà, bí ẹni da ẹyín iná sórí yìnyín.
Eetu di apá mi mú:
"Kọ wọ́n! Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré! Ta ló máa mọ̀?"

Mo ní, wò ó, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fèrèsé ló ń kà lónìí.
Bí kálukú bá fi ẹyẹ kan purọ́,
igbó á ṣófo, ìwé á kún.
Ó wú ẹnu. Ó ní kí wọ́n má kúkú wá nígbà náà.

Mo ń wá ibi tí màá ti yíǹkì bọ̀,
ìwé ṣí láti ẹ̀yìn.
Ọwọ́ Oiva, wẹ́wẹ́, láìfàlà:
Àwọn Apẹ́dé.
Òwìwí kan, ilẹ̀ ti ṣú.
Ẹyẹ onítìẹ́ mọ́kànlá, a ti ń jẹun.
Ológoṣẹ́ kan, ó wọ ilé ìdáná, Tyyne fi aṣọ ìnura lé e,
ó rẹ́rìn-ín títí.

N ò rántí.
Mo kọ aláyà-pupa mẹ́fà sí i lábẹ́,
lẹ́tà tèmi tóbi ju tirẹ̀ lọ.
Kọfí ti tutù. Eetu ti jẹ búrẹ́dì mi tán,
ó tún ti lẹ imú mọ́ gíláàsì.